Táyà Mẹ́rin Láti Ilé Àna

Ọdún kọkànlá nìyí tí mo ti ń jókòó síwájú ọkọ̀ Àmúdà láti Ìwó lọ sí Kuta, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ kan fún ọdún mọ́kànlá, tó sì lẹ́nu bíi tèmi Adébísí, kò sí ohun tí kò ní mọ̀ nípa rẹ̀. Mo mọ ìgbà tí eyín ń dùn ún. Mo mọ ọjọ́ tí òun àti Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ bá jà, torí kì í tan rédíò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Lójúkojú, Bàbá Kareemah ni mo ń pè é, "ẹ̀yin" sì ni mo ń lò fún un, torí ó fi bí ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa lò kí àlàyé mi má baà lọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dàgbà ju gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́ lọ. Ó jẹ́ aláwọ̀ búlúù nígbà kan. Láàárọ̀, á gbé mi dé Kuta, á wá máa kó gàrí, ẹ̀gẹ́ àti ata fún àwọn ìyá olọ́jà láti Kuta àti Olúpọ̀nnà wá sí Ìwó. Bí a bá jáde iléèwé lọ́sàn-án, á tún gbé mi padà sílé. Kì í wakọ̀ lálẹ́ rárá. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ títí, á ní ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í rin òru, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Wotáyà ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, wọn kò sì fi yìn ín. Mo bá a lọ ra táyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì búra pé n kò ní bá a lọ mọ́. Wákàtí méjì gbáko ni a fi dúró sínú oòrùn. Kò béèrè iye owó. Ó ń gbé táyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya ilà ara rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti sán nínú. Ó ń ti àtàǹpàkò bọ inú ilà náà láti wo bó ṣe jìn tó, torí ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà kọjá. Táyà tí kò bá ní ilà mọ́, orí omi ló máa ń léfòó, búrẹ́ẹ̀kì kò sì ní ràn án. Lẹ́yìn náà ló wá ń wá nọ́ńbà mẹ́rin kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ó ní táyà kò yàtọ̀ sí búrẹ́dì. Bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ń bàjẹ́ lọ níbi tó wà. Ojú ẹni tó ń tajà ti ń pọ́n. Nígbà tí Àmúdà ṣe tán, kò ra ẹyọ kan. Ó ní gbogbo wọn ni wọ́n ti fín.

N kò mọ ohun tó ń jẹ́ fífín títí di ọjọ́ náà. Táyà tòkunbọ̀ tí ilà ara rẹ̀ bá ti jẹ tán, àwọn kan á mú ọ̀bẹ gbígbóná, wọ́n á fi ya ilà tuntun sí i, wọ́n á fi nǹkan dúdú pa á lára, á sì máa dán. Lójú ẹni tí kò mọ̀, tuntun ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba rọ́bà tó ṣẹ́kù láàárín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ àti ilẹ̀ ni wọ́n tún gé sọnù yẹn.

Bí òjò bá wá dé, ẹ̀kọ́ mìíràn tún ni. Àmúdà kì í já búrẹ́ẹ̀kì lu ẹrẹ̀; jíà kékeré ló fi ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹrù tó wúwo ló ń tò sísàlẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun orí ẹrù bí ilẹ̀ bá tutù. Bí àgbàrá bá bo ojú ọ̀nà, á dúró, á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á gé igi, á fi wọn omi náà títí dé òdì kejì kó tó kó ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ dé iléèwé nítorí ẹ̀sọ̀ yìí ju iye tí ọ̀gá mi fẹ́ gbọ́ lọ, mo sì ti bá a jà lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìdí kan wà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀, ọ̀gá rẹ̀ kì í pààrọ̀ táyà àfi bó bá bẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, lọ́nà Ilé-Ogbó, táyà ẹ̀yìn bẹ́ nínú òjò. Àmúdà wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá mẹ́ta tó jókòó sórí àpò gàrí. Òun nìkan ló dìde láìfarapa, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà kò sì dìde mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ fún mi, n kò sì béèrè mọ́, èmi tí mo máa ń béèrè ohun gbogbo.

Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró fún òun àti Fàtímọ̀. Kareemah lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, ìránṣọ rẹ̀ sì dára débi pé èmi náà ò gbé aṣọ mi fún ẹlòmíì mọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀ tí wọ́n sì ti padà lẹ́yìn, láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sì mọ ẹnu àwọn ènìyàn. Wọ́n ní orí rẹ̀ ni, wọ́n ní ìwà rẹ̀ ni, wọ́n ní bóyá nǹkan wà nínú ìdílé náà tí wọn ò sọ. Bí Kareemah bá kí wọn, wọ́n á fi àánú dáhùn, àánú yẹn sì burú ju èébú lọ. Mo ti rí i tí Àmúdà dúró létí ọ̀nà láti kírun, tó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ orúkọ tó ń dá níbẹ̀ láìbéèrè.

Nígbà tí Afeez wá dé lọ́dún yìí, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń tún fóònù ṣe, inú gbogbo wa dùn. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: Alhaji Abọ́dúnrìn, bàbá Afeez, táyà tòkunbọ̀ ló ń tà létí títì. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ṣomi. Mo ní Wotáyà ti fọmọ fún ilé táyà. Òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n tọrọ ọmọ, wọ́n sì fi síso yìgì sí ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ.

Lọ́sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹfà, obìnrin méjì wá láti ilé Alhaji. Táyà mẹ́rin ni wọ́n kó wá, wọ́n fi aṣọ funfun dì wọ́n, ibi tí aṣọ ò dé sì ń dán bíi ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fepo pa. Wọ́n ní Alhaji sọ pé àna òun kò ní fi táyà tó ti jẹ la ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ọdún yìí já. Fàtímọ̀ kúnlẹ̀ gbà á. Àwọn ará ilé jáde wá wò ó, àwọn tó ti ń fi àánú dáhùn ìkíni náà sì wá, ẹnu sì yà wọ́n.

Nílẹ̀ wa, Mùsùlùmí ni yín o, Kìrìsìtẹ́nì ni yín o, ẹ mọ ohun tí ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ohun tí ilé ọkọ bá gbé wá ṣáájú ìgbéyàwó, bí ilé ìyàwó bá fi lè dá a padà, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ àlàyé. Ẹrù ti padà, ìyàwó ò lọ mọ́ nìyẹn. A kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó gbé e wá, bí ìgbà tí a ń nájà.

Ọjọ́ méjì ni Àmúdà fi ń kọjá lára àwọn táyà náà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi nígbà tí gbogbo rẹ̀ tú síta. Ó ní òun mọ̀ pé bí òun bá wò ó, òun yóò rí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí Fàtímọ̀ lọ sọ́jà, Àmúdà tú aṣọ funfun náà. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ rí ni 0911. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọdún kọkànlá. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá lórí rẹ̀. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú ilà rẹ̀, etí ilà náà mú bí ibi tí ọ̀bẹ gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí. Ó dì wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà, ó sì jókòó tì wọ́n títí Fàtímọ̀ fi dé.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Fàtímọ̀ sunkún, lẹ́yìn náà ló ní kí ó dè é mọ́ ọkọ̀, torí Alhaji ti ránṣẹ́ béèrè bóyá ó bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mu, yóò sì fẹ́ fojú rí i. Ó ní yìgì ku ọ̀sẹ̀ méje péré, kí ó máa rọra wà á. N kò lè dá Fàtímọ̀ lẹ́bi. Èmi náà bímọ obìnrin. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Àmúdà gbé wọn lọ bá Abdulqowiyy fọkanáísà. Abdulqowiyy wo táyà, ó wo ojú Àmúdà, ó gbọ́ pé ti àna ni, ó sì dè wọ́n.

Èmi ò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí mo rí ni pé ọkùnrin náà yí padà. Ó ń tètè wá gbé mi ju tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ń pẹ́ dé ju tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ yà wá sílẹ̀, kò bìkítà. Ó ní kí n máa de bẹ́líìtì ìjókòó, èyí tí kò sọ fún mi rí láti ọdún mọ́kànlá. Ó wá sọ fún àwọn ìyá olọ́jà pé òun ò ní gbé ènìyàn kankan sẹ́yìn mọ́, ẹrù wọn nìkan lòun yóò máa kó. Ó ní irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń mì. Wọ́n bú u. Wọ́n ní ó ti di bàbá ìyàwó, ó ti ń gbéra ga. Èmi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní tèmi, mo ní Kareemah ò tíì lọ sílé ọkọ, ó ti di gbogbo agbára bàbá rẹ̀ mọ́ ẹrù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Inú lẹ̀jẹ̀ wà, itọ́ funfun là ń tu jáde.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọjọ́ iléèwé mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, Ọjọ́bọ̀ ni, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, kò sì dá títí di ìgbà tí a jáde iléèwé. A kúrò ní Kuta lẹ́yìn aago méjì. Ojú ọ̀nà pupa, ó ń yọ̀, àgbàrá sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. A ò tíì rìn jìnnà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá kan, nígbà tí a rí ọkùnrin sísanra kan tó ń fi fìlà juwọ́ sí wa. Alhaji Abọ́dúnrìn ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ti yọ́ wọ kòtò, ẹsẹ̀ iwájú kan wà nínú ẹrẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ Kuta ni ìyá náà, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì lọ fi ọjọ́ yìgì tó àwọn ẹbí rẹ̀ létí ni.

Alhaji ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó rán àna òun sí òun. Mo sọ̀kalẹ̀ kí ìyá àgbà lè rí ibi jókòó, mo ní èmi á lọ sẹ́yìn. Alhaji ti gbé ìyá rẹ̀ dé orí ìjókòó kí n tó rí i pé Àmúdà ti pa ọkọ̀, ó ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì ti sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun kò ní lè gbé wọn sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Alhaji rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ nípa ìbẹ̀rù Wotáyà, òun ò mọ̀ pé ó tó báyìí; táyà òun ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí ló tún kù tó ń bà á lẹ́rù?

Àmúdà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ̀rọ̀.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo táyà yẹn. Ẹ wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á fún ìyá ara rẹ̀."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Alhaji nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Òjò ti fọ ohun dúdú tí wọ́n fi pa táyà náà lára kúrò. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú ilà, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí i pé okùn inú táyà ti ń yọjú níbi tí ọ̀bẹ ti gbà. Ó lọ wo èkejì. Ó lọ wo ẹ̀kẹta. Kò dé ìdí ẹ̀kẹrin. Ó padà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, ìyá mi. A ò ní bá ọkọ̀ yìí lọ."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí létí, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ bàtà. Mo wo táyà. Mo wo Àmúdà. Mo bi í ìgbà tó ti mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti kó wọn dé. Mo ní ṣé torí rẹ̀ ni kò ṣe gbé àwọn ìyá olọ́jà mọ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi ńkọ́?"

"Mo rí irọ́ pa fún àwọn yẹn," ó ní. "Mo wá irọ́ tí mo máa pa fún yín, Tísà, n ò rí i. Ẹ máa ń béèrè."

Àmúdà, ẹni tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú mi. Àna rẹ̀ ń wò ó. Ìyá àna rẹ̀ ń wò ó. Ó yẹ kí n ní kó dìde, ẹnikẹ́ni tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ì bá ti ní kó dìde. N kò sọ ọ́. Mo sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí. Mo ní ọmọ méjì ló ń dúró dè mí nílé lójoojúmọ́. Mo ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá tí òjò pọ̀ jù, ó rẹ̀ mí, mo sì sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti Kuta dé Ìwó, torí pé òun ló ń wakọ̀. Mo rò pé ìyẹn ló dùn ún jù, torí ó fojú pamọ́ sí ilẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń bá a lọ Kuta.

Ìyá àgbà béèrè ẹni tó ta irú táyà bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin yìí. Kí á sọ òtítọ́, Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lawọ́, ó sì nífẹ̀ẹ́ ọmọ wa. Ó ní òun ló fún un, òun fúnra òun ló sì ṣà wọ́n. Ó ní èyí tó dán jù nínú ọjà ni òun ṣà. Àwọn kan ló máa ń fín wọn kí wọ́n tó kó wọn wá fún òun, kì í ṣe òun ló ń fín wọn.

"N kì í yẹ ara wọn wò," ó ní. "Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò, n ò ní lè tà á."

Alhaji wá ní òun yóò kó wọn lọ lónìí, kí Ọlọ́run forí jin òun. Ibẹ̀ ni Àmúdà ti gbé orí sókè. Ẹrẹ̀ wà nírùngbọ̀n rẹ̀, ó wà nímú rẹ̀. Kò wo èmi, Alhaji ló wò.

"Bí ẹ bá kó wọn lọ, Alhaji, ọmọ mi ńkọ́?"

Ohun tó ń gbé e lọ́kàn láti ọjọ́ méjìdínlógún nìyẹn. Ó fi iná sórí òrùlé sùn nítorí rẹ̀, òun tí kò jẹ́ fi táyà jíjẹ gbé àpò gàrí kan. Alhaji wo ìyá rẹ̀. Èmi náà wo ìyá rẹ̀, gbogbo ìbínú mi sì dúró lójú kan, torí Kareemah ni ọ̀rọ̀ kàn, mo sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí àwọn ará ilé bá ń fi àánú dáhùn ìkíni rẹ̀.

Ìyá àgbà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé bàbá ìyàwó dìde nílẹ̀, ojú ń ti òun. Ọmọ rẹ̀ gbé e dìde. Ìyá àgbà wá kọjú sí Alhaji.

"Abọ́dúnrìn, ìwọ lo kó táyà wá, ìwọ ni kí o wá kó o kúrò. Wọn ò dá ẹrù wa padà. Àwa la kó ohun tí kò dáa fún wọn, tí a sì ń gba ìdọ̀tí wa padà. Ìyàwó wa ò sí nínú rẹ̀."

Àmúdà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá àgbà ní ó tó, ẹrẹ̀ kì í tán lọ́nà yìí. Alhaji ní kí òun lọ wá alùpùpù fún un. Ìyá àgbà ní kí ló fẹ́ fi alùpùpù ṣe, òun ti ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó bí baba táyà. Alhaji dúró ti ọkọ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni a fi ìyá àgbà sáàárín, mo di apá kan mú, Àmúdà di èkejì mú, a sì gba ọ̀nà Kuta padà lọ. N kò bá Àmúdà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà bá fẹ́ yọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń gbé e ró.

Nígbà tí a fi ìyá àgbà sílé àwọn ẹbí rẹ̀, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ìwó. A sọ̀kalẹ̀, Àmúdà ò lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun dé ilé, kí n jókòó ti òun nígbà tí òun bá ń sọ ọ́ fún Kareemah, torí òun ò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀. Mo wo ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn lára, mo sì bá a lọ.

Kareemah wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, òun àti ìyá rẹ̀. Àmúdà sọ ohun gbogbo láìyọ ọ̀kan sílẹ̀: nọ́ńbà tó rí, omijé Fàtímọ̀, irọ́ tó pa fún àwọn ìyá olọ́jà, èmi tí mo sùn. Fàtímọ̀ fi gèlè bo ojú. Nígbà tí Àmúdà sọ̀rọ̀ dé ibi tí ìyá àgbà dá ẹjọ́ sí, ohùn rẹ̀ yọ̀ díẹ̀. Ó ní kí ọkàn ọmọ òun balẹ̀, yìgì ṣì wà lọ́jọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó yẹ̀.

Kareemah gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Èmi ló ń wò, kì í ṣe bàbá rẹ̀.

"Bàámi, bí Àǹtí Tísà bá ti kú ńkọ́? Ṣé màá wá gbé ilé ọkọ yẹn?"

Àmúdà kọjú sí i.

"Ìwọ ni mo ń ṣe é fún."

"Mo mọ̀," ni Kareemah wí. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, Bàámi."

Ó dìde, ó wọlé lọ pọn omi tí bàbá rẹ̀ máa fi wẹ̀.